Ìkòkò Ìyá Ọkọ Mi Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dá sọ níta ní Tápà, ìlú ọkọ mi, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọ̀kadà ni mò ń wá, èyí tí yóò gbé mi dé ọjà. Lọ́dọ̀ wa ní Kétu, ní ilẹ̀ Faransé tó wà lódìkejì bodè, sẹ́mì là ń pè é. Mo kúnlẹ̀ kí obìnrin kan tó ń yan àgbàdo létí títì, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, níbo ni mo ti lè rí sẹ́mì?"

Ó wò mí, ó nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan lódìkejì. "Sẹ́mò lò ń wí? Wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún. Àmọ́ kí ló dé tí wàá fi owó ra sẹ́mò nígbà tí ẹ̀gẹ́ kún ilẹ̀ báyìí?"

"Rárá mà. Èyí tí wọ́n ń gùn ni."

Àwọn tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti di ìyàwó tó fẹ́ gun sẹ́mò. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé yàrá ni mo sunkún.

Ẹni tó bá lọ sí ìlú òyìnbó mọ̀ pé òun kò gbọ́ èdè, àwọn ará ibẹ̀ náà sì mọ̀. Wọn á bá a rọra sọ̀rọ̀, wọn á fi ọwọ́ júwe. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá ni mí, Yorùbá ni wọ́n. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí òun túmọ̀ ohunkóhun fún mi. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á ní n kò gbọ́n ni, wọn kò ní ní àlejò ni mí. Orúkọ tí wọ́n padà wá fún mi ni Ìyàwó Kútọ́nù, bẹ́ẹ̀ n kò sì gbé Kútọ́nù rí láyé mi.

Ọkọ mi ni mo tẹ̀ lé wá. Ògúndíran lorúkọ rẹ̀, bíríkìlà ni. Iṣẹ́ ìkọ́lé ló gbé e wá sí Kétu tí a fi pàdé, ibẹ̀ la ti bí Bọ́sẹ̀, ọmọbìnrin wa. Nígbà tí ó ní ó tó kí òun padà sílé bàbá òun, mo di ẹrù mi. Kò sì pẹ́ tí a dé Tápà tí òun fúnra rẹ̀ tún bá iṣẹ́ lọ sí Ìbàdàn, ó fi èmi àti Bọ́sẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Màmá Ògúndíran kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò bú mi rí. Ṣùgbọ́n kò bá mi ṣeré rí náà. Opó ọdẹ ni, ó ga, ó gbẹ, ó sì máa ń wo èèyàn bí ẹni ń wo ipa ẹsẹ̀ ẹran nínú ìgbẹ́. Bí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, á ní, "Ṣé o jí re?" Ó parí nìyẹn di ọjọ́ kejì. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nínú agboolé náà tí ẹnikẹ́ni kò fi mí rẹ́rìn-ín ni orúkọ tí ìyàwó ilé máa ń sọ àwọn ọmọ ọkọ. Mo sọ ọ̀kan ní Adúmáadán, mo sọ òmíràn ní Akọ̀wé, mo sọ àbíkẹ́yìn wọn ní Olówó Orí Mi. Ìyẹn dùn mọ́ wọn. Wọ́n ní ará Kútọ́nù yìí mọ ilé ọkọ ọ́ gbé díẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni ẹ̀gẹ́ bíbó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. A máa ń jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, ọ̀bẹ lọ́wọ́ oníkálukú. Wọ́n á máa sọ ìtàn àwọn tí n kò mọ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí n tó dé. Mo mọ bí ọwọ́ ṣe ń yá. Mo tún kọ́ bí a ti ń jẹ ọbẹ̀ ìlasa, tí mo kọ́kọ́ rò pé ewé lásán ni wọ́n bù fún mi. Àmọ́ bí mo bá padà délé lọ́sàn-án, tí Bọ́sẹ̀ wà ní ilé-ìwé, ilé á kàn dákẹ́ ni. Ìgbà yẹn ni mo máa ń pe bàbá mi.

Awakọ̀ ni bàbá mi. Lọ́rì ló wà títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀. Òun ló kọ́ mi ní mọ́tò nígbà tí n kò tíì lè rí títì dáadáa lórí sítíárìn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kì í béèrè bóyá inú mi dùn. Á ní, "Ṣé títì ibẹ̀ dára?" Á ní, "Irú mọ́tò wo ni wọ́n ń wà níbẹ̀?" Ọ̀nà tirẹ̀ láti béèrè nìyẹn. Mo máa ń dáhùn nípa títì, òun náà á sì gbọ́ èyí tó kù.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ ìkọ́lé dúró ní Ìbàdàn. Ohun tí ọkọ mi ń fi ránṣẹ́ kò wá déédéé mọ́, a sì ń mú nínú gàrí tó yẹ ká tà. Mọ́tò kan wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, tapólì ni wọ́n fi bò ó. Bàbá ọkọ mi ló ni ín kó tó kú. Lọ́dọọdún, bí àwọn ọmọ ilé bá ń bọ Ògún, wọ́n á ta epo sí ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n á fi èsun iṣu síwájú rẹ̀, wọ́n á sì tún un bò. Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi. "Màmá, mo mọ mọ́tò ọ́ wà."

Kò gbé ojú sókè nínú ẹ̀gúsí tó ń pa. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá mi ni, mà."

Ó ń pa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Mo rò pé mo ti ṣe àṣejù. Àfi bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ kan tí mo bá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lórí ibùsùn mi.

Bàbá Ràṣídì, mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá gáréèjì, ló bá mi jí i. Ó fọ táǹkì, ó pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, ó bá wa wá bátìrì àlòkù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ké, àwọn ọmọdé agboolé hó yèè. Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí nǹkan kan tó mì í nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù. Mọ́tò ń mí bí èèyàn. Atẹ́gùn ló ń mú pọ̀ mọ́ epo kó tó lè rìn, atẹ́gùn náà sì gbọ́dọ̀ gba inú fílítà kọjá, kí fílítà lè sẹ́ eruku kúrò bí ajọ̀ ti ń sẹ́ èlùbọ́. Àpótí tí fílítà ń gbé nínú rẹ̀, tí mo ń pè ní ilé fílítà, ni kò sí mọ́. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán, eku ti fi ìyókù ṣe ilé. Ẹnu kàbúrétọ̀, níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, kàn là sílẹ̀ gbalasa ni.

"Fi aṣọ dí i," ni Bàbá Ràṣídì wí. "Bí ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣe nìyẹn. Irú mọ́tò yìí ti pẹ́ jù, o ò lè rí ojúlówó ilé fílítà rẹ̀ rà níbí. Bí o bá tiẹ̀ rí i ní Ìbàdàn, apá rẹ ò ká a."

Ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé nígbà yẹn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko wa ní ìgbà ọyẹ́ mọ̀ pé bí mọ́tò kan bá kọjá, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní rí iwájú mọ́. Eruku pupa yẹn ni ẹ́ńjìnnì máa máa gbé mì. Bàbá mi ti sọ fún mi láti kékeré pé eruku a máa jẹ inú ẹ́ńjìnnì bí ìgbà tí a ń fi yanrìn fọ ìkòkò: á mọ́, á máa tín-ín-rín, á sì lu. Bí mọ́tò yìí bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, n kò mọ ẹnu tí mo máa fi sọ fún ìyá ọkọ mi.

Mo pinnu láti ṣe ilé fílítà fúnra mi. Mo wá ike ọ̀dà kan, èyí tí àwọn akunlé ń dà nù. Mo dá ihò sí ìdí rẹ̀, mo gbé e ka ẹnu kàbúrétọ̀, mo fi fílítà àlòkù kan sínú rẹ̀, mo sì fi ìdérí dé e. Mo gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí atẹ́gùn lè rí ibi wọlé. Ó rẹwà lójú mi. Mo wà á lọ, mo wà á bọ̀ láàárín ìlú, kò ṣe nǹkan kan. Mo bá lọ sí gáréèjì láti gbé èrò.

Àwọn awakọ̀ tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lé mi. Wọ́n kàn ń wò mí. Èrò tèmi kún nígbà tó yá: obìnrin méjì pẹ̀lú àpò gàrí tí wọ́n ń gbé lọ sí Ìgbó-Ọrà, àti Màmá Dáníẹ́lì, tíṣà kan tó ń gbé ní Tápà tó ń kọ́ni ní Ìdèrè. Ọjọ́ ìdánwò ni, òun ló sì máa dúró ti àwọn ọmọ.

A ti kọjá Ayétẹ̀ nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo tẹ epo, kò gbà. Ó mí èémí kan bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, ó sì kú sójú títì. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru ẹ́ńjìnnì ti yọ́ ike ọ̀dà náà. Ó ti sún kì, fífà tí ẹ́ńjìnnì ń fa atẹ́gùn sì ti mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra bí ikùn tí ebi ń pa. Kò sí ọ̀nà tí atẹ́gùn fi lè wọlé mọ́.

Àwọn obìnrin yẹn sọ ẹrù wọn kalẹ̀, wọ́n ń ṣépè fún obìnrin tó ń wa mọ́tò. Màmá Dáníẹ́lì kò ṣépè. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọ̀nà, ó wá wò mí. "Ọmọ olọ́mọ ń dúró dè mí," ló sọ. Ó wí i jẹ́jẹ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ọ̀kadà kan gbé e lọ nínú eruku. Bàbá Ràṣídì ló wá fi okùn fà mí padà sí Tápà, a sì gba iwájú gáréèjì kọjá lójú gbogbo wọn. Ẹnì kan kígbe pé, "Ìyàwó Kútọ́nù, ṣé sẹ́mò náà kò gbé ọ mọ́ ni?"

Mo ń rò ó lọ́jọ́ náà pé kí n di ẹrù mi padà sí Kétu. Bọ́sẹ̀ ṣì kéré, á gbàgbé Tápà kíákíá. Ohun tó jẹ́ kó nira fún mi ni pé n kò lè nawọ́ sí ìyà kan tí ẹnikẹ́ni fi jẹ mí. Wọ́n kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín ni, wọ́n sì tún ń bu oúnjẹ fún mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń fá ike tó yọ́ kúrò lára irin nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyá ọkọ mi ni. Ó gbé ìkòkò kan dání, ìkòkò alumíníọ̀mù tó nípọn, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń yọ́ dà, tòun ti ìdérí rẹ̀. Mo mọ ìkòkò náà. Òkè àjà ló máa ń wà. Òun ló fi ń se ẹran ìgbẹ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì ń dẹ̀gbẹ́.

Ó gbé e sílẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Èyí gba iná," ló wí. "Ohun tó bá gba iná ni kí o gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná."

"Màmá, ìkòkò yín mà ni."

"Ṣé n kò mọ̀ ni? Ta ló tún ń pa ẹtu wá fún mi?" Ó fi ìka kan ẹnu kàbúrétọ̀, ó ní, "Ibí yìí ló ti ń mí?"

"Ibẹ̀ ni, mà."

"Hẹn. Bàbá Ògúndíran kì í jẹ́ kí eruku kan ibẹ̀." Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ibẹ̀. "N kò fẹ́ kí o padà lọ, Ìyá Bọ́sẹ̀. Ilé á dákẹ́ jù."

N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń ronú àtilọ. Ojú ọdẹ ló ní.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tíì ṣiṣẹ́ jù láti ìgbà tí mo dé. Mo ra fílítà roboto kan ní Ìgbó-Ọrà, irú èyí tó wọ́pọ̀, ó sì jókòó sínú ìkòkò náà bí ẹni pé wọ́n ṣe wọ́n fún ara wọn. Wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀ ní ìlú bá mi gbẹ́ ihò sí ìdí ìkòkò ní ìwọ̀n ẹnu kàbúrétọ̀. Kò ní irin tó lè gé e lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ó lu ihò wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ yí ká, ó ti àárín rẹ̀ jábọ́, èmi sì fi ayùn pẹlẹbẹ họ ẹnu rẹ̀ títí ó fi dán. A tún gbẹ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi páìpù omi sí i, mo sì na ẹnu páìpù náà sí iwájú mọ́tò, sókè díẹ̀, kó lè máa fa atẹ́gùn tútù, kó má sì fa omi bí òjò bá dé. Bóòtù gígùn kan gba àárín kọjá, òun ló di ìdérí mú. Nítorí pé ìkòkò náà wúwo, wẹ́dà fi irin pẹlẹbẹ gbé e ró, kó má baà máa jó lórí kàbúrétọ̀.

Mo pe bàbá mi, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, mo ń tún un pè.

"Ìkòkò ọbẹ̀?" ló wí.

"Ìkòkò ẹran ìgbẹ́ ni, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. N kò tíì gbọ́ kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò. Ó wá ní, "Tẹ́tí. Fílítà kì í ṣe ìṣòro, ibi tí ìdérí àti ìkòkò ti pàdé ni. Bí ìdérí kò bá lẹ̀ dáadáa, eruku á gba ẹ̀gbẹ́ fílítà wọlé, o ò sì ní mọ̀. Fi gíríìsì pa ẹnu kàbúrétọ̀, ibi tí atẹ́gùn ń dé lẹ́yìn tó bá ti gba fílítà kọjá. Wà á lọ sínú eruku. Bí o bá dé, fi aṣọ funfun nu gíríìsì náà. Òun ni yóò sọ òótọ́ fún ọ."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wà á gba ọ̀nà oko, èmi nìkan. Nígbà tí mo nu gíríìsì, aṣọ funfun náà pupa ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdérí náà kò dọ́gba. Mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó, mo fi ṣe rọ́bà yí ẹnu ìkòkò ká, mo sì ṣe òmíràn sí ìdí. Mo tún lọ. Aṣọ tún pupa, ṣùgbọ́n ó fẹ́ẹ́rẹ́. Mo fi tíúbù lé tíúbù. Ìyá ọkọ mi ló nu ìkẹta fúnra rẹ̀. Ó ti jókòó dè mí lábẹ́ máńgòrò. Ó fi etí ìborùn funfun rẹ̀ nù ún, ó gbé e sójú oòrùn, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Gíríìsì nìkan ló wà níbẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan," ló wí. Ó tún wò ó. "Kò sí nǹkan kan!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, obìnrin gíga gbígbẹ yẹn, láìsí ìlù kankan.

Nígbà tí mo padà sí gáréèjì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n lè yẹ omi wò, àwọn awakọ̀ bá rọ́ yí mi ká. "Ẹ wá wo ìyàwó tó ń se ọbẹ̀ nínú mọ́tò!" "Irú ẹran wo lo fi sí i?" Mo ní, "Ẹ mú iyán wá ná." Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín, tí kò sì dùn mí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í gbé èrò wá. Mo jókòó láti òwúrọ̀. Àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń wo mọ́tò mi, wọ́n ń wọ tẹlòmíràn. Oòrùn ti mú nígbà tí Màmá Dáníẹ́lì, tí iṣẹ́ ọ̀sán kàn lọ́jọ́ náà, dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. N kò pè é kó wá wọlé, ojú ń tì mí.

Ó dúró. "Ìyàwó, ṣé o ti tún un ṣe?"

"Mo ti tún un ṣe, mà."

"Ṣé o gbà á gbọ́ fúnra rẹ?"

"Òun ni mo fi gbé ọmọ mi lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀ yìí, mà."

Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó jókòó, ó gbé báàgì sórí itan. "Ó dáa. Ìdèrè ni mò ń lọ." Bí àwọn tó kù ti rí i níbẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Títí a fi dé Ìdèrè, ojú mi kò kúrò lójú ọ̀nà. Etí ni mo fi ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ń mí geere. Nígbà tí Màmá Dáníẹ́lì sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ní ọ̀la, dúró dè mí."

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan wá rọgbọ. Rọ́bà ìdí ìkòkò a máa gbẹ, mo sì gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ mi ṣì ń lọ, ó ṣì ń bọ̀. Àwọn kan ṣì wà tí wọn kò ní wọ mọ́tò tí obìnrin ń wà. Àmọ́ Bàbá Ràṣídì ti ra ìkòkò wá fún oníbàárà rẹ̀ kan, ó ní kí n wá fi hàn òun bí mo ti gé rọ́bà náà. N kò sì mọ ìgbà tí ohùn mi yí padà. Bọ́sẹ̀ ló sọ fún mi pé bí mo bá ń bá Kétu sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń sọ̀rọ̀ bí ará Kétu, bí mo bá sì gbé fóònù sílẹ̀, màá tún dà bí ti Tápà. Mo rò pé ó yẹ kí ìyẹn bà mí nínú jẹ́. Nígbà mìíràn, ó máa ń bà mí nínú jẹ́ lóòótọ́.

Láìpẹ́ yìí mo gbé èrò dé Èrúwà, mo ń dúró de àwọn tí yóò bá mi padà, nígbà tí bàbá mi pè. Ó béèrè nípa títì. Mo sọ nípa títì. Ó ní orúnkún òun ti burú sí i, pé òun kì í jáde mọ́, pé ó ń ṣe òun bíi kí òun rí mi. Mo ní màá wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mọ́tò yìí ni màá wà wá. Inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀nà tí màá gbà, ibi tó ní kòtò, ibi tí àwọn aṣọ́bodè ti máa ń yọni lẹ́nu. Ibi tó ń sọ ọ́ dé ni èrò mi kún.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, èrò ti kún. Bí mo bá délé, màá pè yín padà."

Mo gbọ́ ewúrẹ́ kan tó ń ké ní àgbàlá wa ní Kétu.

"Ilé wo?" ló wí.

Èrò kan ń kan orí mọ́tò níta pé ká máa lọ. Mo di fóònù mọ́ etí.

Nígbà tó yá, bàbá mi wúkọ́. "Ṣé o ti yẹ omi mọ́tò wò?"

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá."

"Ó dáa. Rọra wà á o. Bí o bá délé, kí o pè mí."